Níbo La Ó Máa Kọ Ọ́ Sí? Yíyan Ojú Òpó fún Ìwé Ìtọ́nà Sọ́fítíwíà Tí Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Jọ Ń Kọ

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún àwọn onímọ̀ kọ̀ǹpútà àti àwọn òṣìṣẹ́ ìlera, Abuja

Àwọn tó pè mí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí àwa tí a jọ ń ṣe sọ́fítíwíà ṣe lè yan ibi tí a ó máa kọ ìwé ìtọ́nà rẹ̀ sí. Ẹlòmíràn lè rò pé ọ̀rọ̀ kékeré nìyẹn, ṣùgbọ́n kò kéré rárá. Sọ́fítíwíà tí kò bá ní ìwé ìtọ́nà tó ṣeé gbára lé, àfi ẹni tó kọ ọ́ ló lè lò ó dáadáa. Lọ́jọ́ tí onítọ̀hún bá rí iṣẹ́ síbòmíràn, ìmọ̀ náà bá a lọ nìyẹn.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ mú lọ sílé kò gùn. Ojú òpó tó yẹ wá ni èyí tí ẹni tó ń fi sọ́fítíwíà náà ṣiṣẹ́ oòjọ́ rẹ̀ ti lè tún ìlà kan ṣe láìjẹ́ pé ó kọ́ iṣẹ́ kóòdù, tí a sì ti lè kó gbogbo ọ̀rọ̀ wa jáde lọ́jọ́ tí a bá fẹ́ kúrò. Bí ojú òpó kan bá kùnà nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, ẹwà rẹ̀ kò lè gbà wá. Ẹ jẹ́ kí n fi iṣẹ́ kan tó ti ọ̀dọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ ṣàlàyé.

Iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ wa

Ní ọjọ́ 20 oṣù Keje ọdún 2014, arìnrìn-àjò kan tó ti kó àrùn Ẹ̀bólà balẹ̀ sí pápákọ̀ òfurufú Murtala Muhammed ní Èkó. Nígbà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi máa kéde ní ọjọ́ 20 oṣù Kẹwàá ọdún kan náà pé Nàìjíríà ti bọ́ lọ́wọ́ àrùn ọ̀hún, ènìyàn 20 ló ti kó o, mẹ́jọ nínú wọn sì ti jáde láyé. Gbogbo wa la mọ̀ pé ìbá burú ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ló ń lọ láti ilé dé ilé, tí wọ́n ń wá gbogbo ẹni tó fara kan aláìsàn, tí wọ́n sì ń fi fóònù àti ètò Open Data Kit kọ ohun tí wọ́n bá rí sílẹ̀.

Nínú ìrírí yẹn ni SORMAS ti jáde. Sọ́fítíwíà ni, fún títọpinpin àrùn àti bíbójú tó àjàkálẹ̀. Àjọ NCDC tó ń bójú tó ìdènà àrùn ní Nàìjíríà, tí olú ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà ní Jabi nílùú Abuja níbí àti ilé ìwádìí Helmholtz tó wà ní Braunschweig lórílẹ̀-èdè Jámánì ló jọ gbé e dìde. Wọ́n kọ́kọ́ dán an wò ní ọdún 2015 ní ìpínlẹ̀ Kánò àti ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́. Orí ìmọ̀ ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ SAP ni wọ́n kọ́ ẹ̀dà àkọ́kọ́ lé. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún un kọ látìbẹ̀rẹ̀, tí wọ́n sì ṣí kóòdù rẹ̀ sílẹ̀ fún gbogbo ayé, kí orílẹ̀-èdè tó bá fẹ́ lè mú un láìsanwó àṣẹ. Nígbà tí àrùn monkeypox jáde ní ọdún 2017, NCDC gbé e jáde láti fi kojú rẹ̀. Wọ́n lò ó fún yírùnyírùn, wọ́n lò ó fún ibà Lassa. Nígbà tí Kòrónà dé, Ghana lò ó, Fiji lò ó, Switzerland lò ó, Jámánì fúnra rẹ̀ náà lò ó. Ìmọ̀ tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera Kánò àti Ọ̀yọ́ bá wọn dán wò di ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ilẹ̀ Yúróòpù fi ṣiṣẹ́ nígbà náà. Ó yẹ kí inú wa dùn sí i.

Orí GitHub, ojú òpó tí àwọn ènìyàn ń kó kóòdù sí, ni kóòdù SORMAS wà, ìwé ìtọ́nà fún ẹni tó fẹ́ gbé e sórí server sì wà nítòsí kóòdù yẹn. Orí Crowdin, ojú òpó ìtumọ̀, ni àwọn olùyọ̀ǹda ara wọn ti ń tú ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ sí èdè mìíràn. Àwọn tó ń kọ kóòdù rí i pé ètò yìí dára gan-an, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n àwọn nìkan kọ́ ló ń ka ìwé ìtọ́nà.

Ta ni ìwé náà wà fún?

Irú òǹkàwé mẹ́ta ló máa ń ṣí ìwé ìtọ́nà sọ́fítíwíà báyìí. Àkọ́kọ́ ni ẹni tó ń kọ kóòdù, ó fẹ́ mọ bí apá kan ṣe so mọ́ ìkejì. Èkejì ni ẹni tó ń tọ́jú server, ó fẹ́ mọ bí yóò ṣe gbé ẹ̀dà tuntun lé e láìjẹ́ kí dátà àwọn ènìyàn sọ nù. Ẹ̀kẹta, tó pọ̀ ju àwọn méjì yòókù lọ, ni òṣìṣẹ́ tó ń tọpinpin àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀, ẹni tí gbogbo wa ń pè ní DSNO. Ìjọba ìbílẹ̀ 774 ló wà ní Nàìjíríà.

Ẹ jẹ́ ká mú DSNO kan ní Kwali. Àárọ̀ ọjọ́ Ajé ni, wọ́n pè é láti ilé ìwòsàn kan pé ọmọdé kan ní ibà, ọrùn rẹ̀ sì ti le gan-an. Ó ṣí áàpù lórí fóònù rẹ̀, áàpù náà sì ti gba ẹ̀dà tuntun lálẹ́ àná. Àyè tó máa ń kọ ọjọ́ tí àìsàn bẹ̀rẹ̀ sí kò sí níbi tó wà tẹ́lẹ̀ mọ́. Ó ṣí PDF tí wọ́n fi ránṣẹ́ sórí WhatsApp nígbà tí wọ́n dá wọn lẹ́kọ̀ọ́, ẹ̀dà àtijọ́ ló rí níbẹ̀. Ó ń tẹ ibí, ó ń tẹ ọ̀hún, nígbà tó yá ó rí i: wọ́n ti gbé e lọ sí abala àmì àìsàn. Ní ìṣẹ́jú yẹn, òun ni ọ̀gá nínú ìmọ̀ yìí. Kò sí ẹni ní Braunschweig tàbí ní Jabi tó mọ̀ jù ú lọ pé ìwé ìtọ́nà ti ṣi ènìyàn lọ́nà.

Níbo ni yóò kọ ọ́ sí? Bó bá jẹ́ orí GitHub ni ìwé náà wà, yóò ní láti ṣí àkáǹtì, kó fi ímeèlì ṣe é. Láti ọdún 2023 ni GitHub ti ń béèrè ààbò onípele méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń bá wọn kọ kóòdù. Yóò wá tẹ àwòrán pẹ́ńsù. GitHub yóò ní kó kọ́kọ́ ṣe fork, ìyẹn ẹ̀dà tirẹ̀, kó ṣe commit, ìyẹn kó fi àtúnṣe pamọ́, kó wá fi pull request ránṣẹ́, ìyẹn ìbéèrè pé kí wọ́n gba àtúnṣe náà. Ẹni tí ọmọ aláìsàn ń dúró dè kò ní ààyè fún gbogbo ìyẹn. Ohun tí yóò ṣe ni pé yóò fi ohùn rẹ̀ ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ wọn lórí WhatsApp. Àwọn mélòó kan yóò gbọ́ ọ, wọn yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá fi máa di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, ìròyìn mìíràn ti bò ó mọ́lẹ̀, DSNO mìíràn ní Gwagwalada sì tún bẹ̀rẹ̀ sí í wá àyè kan náà.

Ìdí nìyí tí mo fi ń tẹnu mọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu ọ̀nà, ìyẹn ibi tí ẹni tó ń ka ìwé náà lè gbà wọlé tún un ṣe. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè, ṣùgbọ́n ọgbọ́n tí kò rí ọ̀nà wọlé kò lè ran àgbà kankan lọ́wọ́.

Ọ̀nà tí ayé ń gbà ṣe é

Ọ̀nà kan ni wiki. Ní ọdún 1995 ni Ward Cunningham, ọmọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, gbé wiki àkọ́kọ́ sórí ayélujára. Èrò rẹ̀ ni pé kí ẹni tó ń ka ojú ìwé kan lè tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Orí èrò yẹn ni Wikipedia dúró lé láti ọdún 2001, Wikipedia èdè Yorùbá náà ò sì yọ sílẹ̀. MediaWiki, sọ́fítíwíà tó gbé Wikipedia ró, kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, a sì lè gbé e sórí server tiwa. Ẹnu ọ̀nà rẹ̀ fẹ̀. Àléébù rẹ̀ ni pé kò mọ ohun tó ń lọ nínú kóòdù. Sọ́fítíwíà lè ti dé ẹ̀dà karùn-ún kí ojú ìwé wiki ṣì máa ṣàlàyé ẹ̀dà kẹta, kò sì sí ohun tí yóò ta ẹnikẹ́ni lólobó.

Ọ̀nà kejì ni kí a kọ ìwé náà sínú fáìlì, kí fáìlì náà sì máa gbé pọ̀ pẹ̀lú kóòdù. Markdown ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń kọ ọ́, ìlànà tí John Gruber gbé jáde ní ọdún 2004; ọ̀rọ̀ lásán ni, tí a fi àmì díẹ̀ sí. Git tí Linus Torvalds ṣe ní ọdún 2005 ni yóò máa ṣọ́ gbogbo àtúnṣe. Àwọn ètò bíi Sphinx tàbí MkDocs yóò wá sọ fáìlì náà di ìtàkùn ayélujára tó ṣeé kà. Markdown àti Git náà ni wọ́n fi ń ṣe ìwé ìtọ́nà DHIS2, sọ́fítíwíà Yunifásítì Oslo tó ń gbé dátà ìlera Nàìjíríà. Agbára ọ̀nà yìí ni pé ìwé àti kóòdù jọ ń dàgbà: ẹni tó bá gbé àyè kan kúrò nínú áàpù lè ṣàtúnṣe ìwé rẹ̀ nínú iṣẹ́ kan náà, ẹni tó ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò sì lè kọ̀ ọ́ bí kò bá ṣe é. Àléébù rẹ̀ ni ẹnu ọ̀nà tóóró tí mo ti sọ.

Ọ̀nà kẹta ni kí a háyà ojú òpó: Confluence, Notion, Google Docs àti irú wọn. Wọ́n rọrùn láti kọ nǹkan sí, ènìyàn méjì lè jọ máa kọ ojú ìwé kan lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ọ̀rọ̀ pé server ń dàmú ẹni. Ṣùgbọ́n ilé onílé ni.

Ohun tó yẹ ká béèrè ká tó wọlé

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Kí a tó fọwọ́ sí ojú òpó kankan, a gbọ́dọ̀ wo ilé tiwa: owó wa, nẹ́tíwọ̀kì wa, èdè wa àti òfin wa.

Ẹ kọ́kọ́ béèrè ọ̀nà àbájáde. Google ní ojú òpó kan tó ń jẹ́ Google Code, ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ló sì kó kóòdù àti wiki wọn síbẹ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 2015, Google kéde pé àwọn máa tì í. Nígbà tó di oṣù Kíní ọdún 2016, ó ti kógbá sílé. Àwọn tó tètè kó ẹrù wọn rí i kó, àwọn mìíràn kò rántí. Ilé iṣẹ́ Atlassian tó ni Confluence dáwọ́ títa ẹ̀dà tí wọ́n pè ní Server, èyí tí ènìyàn lè gbé sórí server tirẹ̀, dúró ní oṣù Kejì ọdún 2021, wọ́n sì dáwọ́ ìtọ́jú rẹ̀ dúró pátápátá ní oṣù Kejì ọdún 2024. Ẹni tó ti gbára lé e ní láti yan ẹ̀dà Data Center tàbí kó kó lọ sórí server Atlassian fúnra wọn. Kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú kí oníṣòwò yí òwò rẹ̀ padà. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni bí a bá kọ ìmọ̀ orílẹ̀-èdè sí ibi tí a kò ti lè kó o jáde. Nítorí náà, kí ẹ tó kọ ojú ìwé àkọ́kọ́, ẹ kọ ojú ìwé ìdánwò méjì tó ní àwòrán àti tábìlì nínú, kí ẹ kó o jáde, kí ẹ sì ṣí i níbòmíràn. Bó bá dé wúruwùru, ẹ wá ibòmíràn lọ.

Ẹ béèrè iye rẹ̀ ní náírà. Ká ní ojú òpó kan ń gba dọ́là márùn-ún lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan lóṣù, tí ogójì ènìyàn sì ń lò ó: $200 nìyẹn. Kí ìjọba tó tú náírà sílẹ̀ ní oṣù Kẹfà ọdún 2023, tí dọ́là wà ní nǹkan bí ₦470, kò tó ₦100,000. Nígbà tí dọ́là kọjá ₦1,500 ní ọdún 2024, ó ti lé ní ₦300,000, bẹ́ẹ̀ ojú òpó náà kò fi kọ́bọ̀ kan kún owó rẹ̀. Ohun tó máa ń tẹ̀lé e ni pé ọ̀gá yóò ní kí wọ́n yọ àwọn kan kúrò. Àwọn DSNO ni wọn yóò sì kọ́kọ́ yọ.

Ẹ béèrè bí yóò ṣe rí lọ́jọ́ tí kò bá sí nẹ́tíwọ̀kì. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Abidjan: MainOne, WACS, ACE àti SAT-3. Báńkì dákẹ́, iṣẹ́ dákẹ́, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí wọ́n tó tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Áàpù SORMAS lè ṣiṣẹ́ láìsí nẹ́tíwọ̀kì, yóò tọ́jú ohun tí a kọ títí nẹ́tíwọ̀kì yóò fi dé. Ìwé ìtọ́nà rẹ̀ gbọ́dọ̀ lè ṣe bákan náà: kó ṣeé gbà sílẹ̀ sórí fóònù, kí PDF tí à ń pín lórí WhatsApp sì jáde láti inú fáìlì kan náà tí ìtàkùn ti jáde, pẹ̀lú nọ́ńbà ẹ̀dà rẹ̀ lójú ìwé kọ̀ọ̀kan. A kò lè bá WhatsApp jà. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ohun tó péye láti gbé kiri.

Ẹ béèrè bóyá ó mọ èdè wa. Lẹ́tà «ẹ́» tí a ń kọ lójoojúmọ́ kò ní nọ́ńbà ẹyọ kan ṣoṣo nínú ìlànà Unicode. Kọ̀ǹpútà kan lè kọ «ẹ» kó wá fi àmì ohùn lé e. Òmíràn lè kọ «e», kó fi àmì ìsàlẹ̀ sí i, kó sì fi ti òkè kún un. Lójú wa, ọ̀kan náà ni wọ́n. Lójú ojú òpó tí kò mọ̀ ọ́n ṣe, ọ̀rọ̀ méjì ni: a ó wá «ẹ̀jẹ̀», yóò ní kò sí, nígbà tí ó kún ojú ìwé. Ẹ kọ ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́wàá sínú rẹ̀ láti orí fóònù, kí ẹ wá wọn láti orí kọ̀ǹpútà. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún Haúsá pẹ̀lú, kí lẹ́tà «ɗ» àti «ƙ» lè péye. Ojú òpó tí kò bá rí ọ̀rọ̀ wa kò yẹ ká fi sílé ìwòsàn wa.

Ẹ béèrè nípa àṣírí àwọn ènìyàn. Àwòrán ojú kọ̀ǹpútà wúlò gan-an nínú ìwé ìtọ́nà, ṣùgbọ́n bí orúkọ aláìsàn gidi bá wà nínú rẹ̀, òfin ìdáàbòbò dátà tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù Kẹfà ọdún 2023 kò fi àyè gbà á. Kí ẹ sì mọ̀ pé bí a bá yọ àwòrán náà kúrò lójú ìwé, ó ṣì wà nínú ìtàn àtúnṣe, yálà wiki ni tàbí Git. Dátà tí a fọwọ́ ṣe nìkan ni kí á máa fi ya àwòrán.

Paríparí rẹ̀, ẹ béèrè orúkọ ẹni tí wọ́n fi ṣí àkáǹtì. Ní ọ̀pọ̀ ibi iṣẹ́ wa, ímeèlì ara ẹni òṣìṣẹ́ kan tàbí ti kọngilá ni wọ́n fi ṣí ojú òpó. Bí onítọ̀hún bá ti lọ, ọ̀rọ̀ aṣínà bá a lọ. Ímeèlì ilé iṣẹ́ ni kó jẹ́, kí ènìyàn mẹ́ta, ó kéré tán, sì ní àṣẹ lórí rẹ̀.

Ibi tí mo dúró sí

Ìmọ̀ràn mi ni kí ọ̀rọ̀ náà gan-an wà nínú fáìlì Markdown, nínú Git, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kóòdù. Ìdí rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ lásán kì í gbó: kò sí ilé iṣẹ́ tó lè tì í pa mọ́ wa lórí, kọ̀ǹpútà yòówù ló lè ṣí i. GitHub dára láti gbé e sí, ṣùgbọ́n ẹ rántí pé ní oṣù Keje ọdún 2019, nítorí òfin Amẹ́ríkà, GitHub dí ọ̀nà mọ́ ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kóòdù ní Ìránì àti Síríà. Nítorí náà, iṣẹ́ tí ìjọba gbára lé gbọ́dọ̀ ní ẹ̀dà ìpamọ́ tó ń lọ lójoojúmọ́ sórí server tó wà nílé. GitLab àti Gitea ṣeé gbé sórí server tiwa, Galaxy Backbone, ilé iṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń gba dátà sílé, sì wà nílùú yìí.

Ṣùgbọ́n ibẹ̀ kò gbọ́dọ̀ parí sí. Ojú ìwé kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà kejì fún ẹni tí kò mọ Git: bọ́tìnì kan nísàlẹ̀ tí a kọ «Ohun tó wà níbí kò tọ̀nà» sí, tí yóò gba ìlà ọ̀rọ̀ kan tàbí ohùn lórí fóònù, ní Yorùbá, Haúsá, Ígbò tàbí Gẹ̀ẹ́sì, láìní àkáǹtì. Kí ẹnì kan tí wọ́n ń sanwó fún wà nídìí rẹ̀, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti sọ ohun tí DSNO bá wí di àtúnṣe láàárín ọjọ́ díẹ̀, kó sì kọ orúkọ ẹni tó mú un wá sílẹ̀ bí onítọ̀hún bá gbà. Owó oṣù ẹni yìí gbọ́dọ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì láti ọjọ́ kìíní. Ojú òpó tí a kò fi ènìyàn tì, ahoro ni yóò dà.

Bí ẹ bá sì fẹ́ dán ojú òpó kan wò, ẹ má pe àwọn tó ń kọ kóòdù nìkan. Ẹ pe nọ́ọ̀sì kan, ẹ pe DSNO kan, ẹ fún wọn ní ìwé ìtọ́nà tó ní àṣìṣe kan, kí ẹ ní kí wọ́n tún un ṣe láti orí fóònù wọn, kí ẹ má sì bá wọn sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n bá ṣe níbẹ̀ ni ìdáhùn.

Ẹ̀yin ọ̀gá tó ń fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ ní ilé iṣẹ́ ìjọba, mo bẹ̀ yín: nínú àdéhùn sọ́fítíwíà tí ẹ óò fọwọ́ sí lẹ́yìn òní, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìwé ìtọ́nà jẹ́ ara iṣẹ́ náà, pé fáìlì rẹ̀ jẹ́ ti ìjọba, pé a lè kó o jáde nígbàkígbà, àti pé kò sí owó àṣekẹ́yìn bí kò bá tíì pé. Ẹ̀yin tó ń kọ kóòdù, ẹ má fi ìwé ìtọ́nà sílẹ̀ di ọjọ́ tí iṣẹ́ bá parí. Ẹ̀yin òṣìṣẹ́ ìlera, ẹ má jẹ́ kí ìmọ̀ yín máa parí sínú WhatsApp. Ẹ béèrè fún ẹnu ọ̀nà yín, kí ẹ sì máa béèrè títí wọn yóò fi ṣí i.